Ògiri Gbígbóná Nílé Opó

Ẹ̀rù ti bà mí rí láyé yìí. Ejò ti lé mi lóko kòkó rí, mo sá títí ìró fi bọ́ nídìí mi, mo dé abúlé pẹ̀lú yẹ̀rì nìkan, àwọn ọkùnrin sì ń kí mi, "Ẹ kú ewu, Màmá," wọ́n ń wo ibòmíràn. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀rù tó bà mí ní Alekuwodo l'Óṣogbo, nínú yàrá àbúrò mi, kò ní ejò nínú, kò ní olè, kò ní ìbọn. Ògiri lásán ni.

Rùkáyà ni àbúrò mi náà. Ìyá kan náà ló bí wa ní Ifẹ̀wàrà. Èmi fẹ́ ọmọ ìjọ, mo di Julianah. Òun fẹ́ mùsùlùmí ọmọ Òṣogbo, Ṣàngódèyí, tó ṣiṣẹ́ rélùwéè títí ó fi fẹ̀yìntì. Ọkùnrin dáadáa ni. Nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó kú, àbúrò mi sì wọ ilé opó. Oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni kò fi ní kúrò lọ́gbà ilé. Aṣọ dúdú ni yóò máa wọ̀, bí oòrùn bá sì ti wọ̀, kò gbọdọ̀ yọ orí síta. Ẹbí ọkọ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá a jókòó. Èmi tí n kò ní iṣẹ́ mìíràn nílé ju kí n máa bá ewúrẹ́ jà lórí ẹ̀gẹ́, kí ni mo fẹ́ sọ? Mo di ẹrù mi.

Oṣù Ẹrẹ́nà ni, òjò kò tíì fẹ́ rọ̀. Ooru wà ní Ifẹ̀wàrà náà o, n kò purọ́, ṣùgbọ́n ooru tiwa mọ ìgbà tó yẹ kó lọ sílé. Bí oòrùn bá ti wọ̀ sẹ́yìn oko kòkó, wàá na ẹsẹ̀ síta, ara á sì balẹ̀. A gba Iléṣà kọjá, afẹ́fẹ́ ojú fèrèsé mọ́tò ń fẹ́ sí mi dáadáa títí a fi kan àwọn ilé àkọ́kọ́ l'Óṣogbo. Ó wá dà bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìdérí ìkòkò ẹ̀wà sí mi lójú.

Mo bi awakọ̀, "Ṣé ẹ́ńjìnnì yín ló ń jó ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, Òṣogbo lẹ dé yẹn."

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni ilé Rùkáyà wà. Láyé ọjọ́un, igi furúùtù eléwé gbàràgàdà kan wà lágbàlá ibẹ̀, abẹ́ rẹ̀ la ti ń jẹun. Ṣàngódèyí ti gé e kó tó kú, ó fi ìńtálọ́ọ̀kì tẹ́ gbogbo ilẹ̀, nítorí gbogbo àdúgbò ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí erùpẹ̀ bá ṣì wà lágbàlá rẹ̀, wọ́n á ní kò rí jẹ. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù sì ti kọ́ tiwọn fara ti ọgbà, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ ara ògiri, wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sí fèrèsé àbúrò mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: wọ́n ń fi òtútù ṣe oníbàárà lálejò nínú, wọ́n ń só sí opó níta.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo dé, wọ́n ti kírun Mágíríbì tán, mo jókòó lórí ẹní nínú yàrá, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri kí n lè na orúnkún mi.

"Yé è!" Mo fò dìde. Ó pẹ́ tí mo ti fò bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

"Kí ló dé, Ẹ̀gbọ́n mi?" Rùkáyà bi mí.

"Ògiri yín ní ibà."

Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án padà. Kò jó mi bí iná. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ara alààyè, àfi bí ẹni pé ẹnì kan jókòó lódìkejì, tó fi ẹ̀yìn tirẹ̀ tì í. Oòrùn sì ti wọ̀.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé wà pẹ̀lú wa nínú yàrá, Ìyá Òkìkí, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni ẹbí fi ṣọ́ opó. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ògiri, ó wo àbúrò mi.

"Ìyá Bánkẹ́," ó ní fún mi, "ẹ má fara tì í mọ́. Ibẹ̀ yẹn ni àbúrò mi máa ń fi ẹ̀yìn tì tó bá ti jẹun alẹ́ tán. Kò tíì lọ."

Mo ti jẹ mọ́ínmọ́ín òkú láìmọye. Síbẹ̀, irun orí mi, ìwọ̀nba tó kù níbẹ̀, dìde dúró lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Òkìkí dìde, ó ti fèrèsé pa, ó ta aṣọ nínípọn bò ó, ó gbé ẹyin iná wọlé, ó da tùràrí lé e. Ó ní bí òkú bá fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, yóò máa wá nírọ̀lẹ́, títí yóò fi mú un lọ. Kí a má jẹ́ kó rọ́nà. N kò jiyàn. Àna ni, ẹni tó fún wa lọ́kọ ni. Bẹ́ẹ̀, ká sọ òótọ́, ẹ̀rù ń bà mí ju òun gan-an lọ. Èmi ni mo bá a di etí aṣọ náà mú tó fi kàn án.

Yàrá wá di ààrò. Mo bọ́ bùbá mi, mo jókòó pẹ̀lú ọmú mi méjèèjì tí wọ́n ti fẹ̀yìntì kí ìjọba tó fún wọn ní owó ìfẹ̀yìntì, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn bí ẹni ń fẹ́ iná súyà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra," Rùkáyà ní, "kí wọ́n má lọ jinná." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

N kò mọ̀ pé yóò pẹ́ kí n tó tún gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Ooru náà kò lọ. Iná mànàmáná a wá fún ìgbà díẹ̀, a tún lọ, fáànù a dúró bí ẹni tó ronú gbàgbé. Lọ́sàn-án, páànù orí wa a máa ró pó, pó. Mo rò pé tó bá di alẹ́ á tutù, alẹ́ a dé, ògiri a bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, Ìyá Òkìkí a ti fèrèsé. Rùkáyà kò jẹun mọ́. Ó ní orí ń fọ́ òun, ó ní ẹsẹ̀ òun wúwo. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀fọ̀ ni.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó tì í, mo ń já ẹ̀fọ́. Ó wò mí, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀. Ẹsẹ̀ Bàbá Kàósárà lẹ jókòó lé."

Ọkọ rẹ̀ tó kú ló ń sọ yẹn. Mo wo abẹ́ ìdí mi. Ẹní ni mo rí. Mo sún kíákíá, mo tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹní.

"Ó ní kò burú," Rùkáyà ní. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ògiri. "Ó ní rélùwéè ti pẹ́ lónìí."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó gbẹ bí ewé kòkó inú ọ̀gbẹlẹ̀, ó sì gbóná bí ògiri. Èmi ń làágùn bí ẹni tó wẹ̀ láìnura; lára tirẹ̀, kò sí ẹ̀kán kan.

Bí Ìyá Òkìkí ṣe gbọ́ ohun tó sọ, ó kígbe, "Mo wí bẹ́ẹ̀! Ó ti ń bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú!" Ó tún lọ ti fèrèsé, lọ́sàn-án gangan.

Inú èyí ni Kàósárà bá wa, ọmọ Rùkáyà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ̀gìrafí nílé ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú. Ilé tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ibi iṣẹ́ yà wá wo ìyá rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ìyá rẹ̀ lọ́rùn, ó fa aṣọ ojú fèrèsé ya.

"Ta ló ti ibí pa? Ẹ fẹ́ sè é ni?"

"Bàbá rẹ ló ń wá mú un," Ìyá Òkìkí dáhùn.

"Bàbá mi wà ní sàréè. Ooru ni! Màmá Ifẹ̀wàrà, ẹ̀yin ẹ gbọ́ tèmi. Ṣé ẹ rí sìmẹ́ńtì, páànù, títì ọlọ́dà, ìńtálọ́ọ̀kì yìí? Láti àárọ̀ ni wọ́n ń mu oòrùn bí ọ̀mùtí. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bì í jáde. Igi tí ì bá fi omi ara rẹ̀ tu afẹ́fẹ́ lójú, a ti gé e. Òjò tí ì bá rin ilẹ̀, gọ́tà ń gbé e lọ. Ilé fún mọ́ra, atẹ́gùn ò ríbi kọjá. Jẹnẹrétọ̀ àti mọ́tò tún ń da tiwọn sí i. Èmi àtàwọn ọmọ kíláàsì mi gbé tẹmómítà lọ sétí igbó ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun nírọ̀lẹ́, a tún gbé e wá sí Alekuwodo. Ẹ ò ní gbà pé ìlú kan náà ni."

Ìyá Òkìkí pòṣé. "O wá fẹ́ fi tẹmómítà wọn òkú."

"Mi ò wọn òkú, Ìyá. Ìyá mi ni mi ò fẹ́ kó di òkú. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé ìwòsàn."

"Opó kì í jáde!"

Rùkáyà fúnra rẹ̀ ló gbé ọwọ́ sókè. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. "Mi ò lọ, Kàósárà. Tó bá dé, tí kò bá mi ńkọ́?"

Kàósárà sunkún. Ó ní òun ń lọ bá Áfáà tó so yìgì àwọn òbí òun, kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn pé aláìsàn lè jáde nílé opó. Ó di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti fèrèsé yẹn."

Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni mo gbàgbọ́? Ká sọ tòótọ́, mo dà bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, tó fi ìkejì sórí ilẹ̀: bí ọkọ̀ bá ṣí, ìdí á fàya. Bí Kàósárà bá sọ̀rọ̀, màá ní òótọ́ ni. Bí Ìyá Òkìkí bá ka àdúrà, màá ṣe àmín, èmi ọmọ ìjọ.

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, mo jáde lọ ra omi yìnyín fún Rùkáyà. Bí mo ṣe ń bọ̀, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo nawọ́ di ògiri ṣọ́ọ̀bù kan mú kí n má baà ṣubú. Ògiri náà gbóná.

Mo dúró. Mo lọ sí èyí tó tẹ̀lé e, mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná. Mo sọdá títì, mo fọwọ́ kan ògiri ilé alájà kan. Ó gbóná ju méjèèjì lọ. Mo ń lọ láti ògiri dé ògiri, mo gbé omi mọ́yà, mo ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa wọ́n bí ẹni ń wo ikùn aboyún.

Télọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ọdúntán yọjú. "Ìyá, kí lẹ ń wá lára ògiri wa?"

"Mo ń wò ó bóyá ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Máṣíìnì mi ló wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Ẹnikẹ́ni ò kú níbẹ̀?"

"Aúsùbílláhì! Ìyá, ta ló mọ̀ yín nílé?"

"Má bínú, ọkọ mi. Ṣé bó ṣe máa ń gbóná nìyí?"

"Gbogbo ògiri àdúgbò yìí ni. Tó bá fi máa tutù, oòrùn ọ̀la á ti fẹ́ yọ. Ìta la máa ń sùn sí."

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín burúkú. Ṣé gbogbo ọkọ tó ti kú l'Óṣogbo ló wá fẹ̀yìn ti ògiri Alekuwodo ni? Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín yẹn náà ni ẹ̀rù mìíràn ti bà mí, tó jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ di eré ọmọdé. Mo rántí kòkó. Bí a bá là á tán, a ó kó o jọ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó fi ewé bò ó kó lè kan. Kò sẹ́ni tó dá iná sí i, ṣùgbọ́n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wàá fà á yọ kíákíá. Inú òkìtì bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi wà, àwa la sì ń wá ewé bò ó. Òkú, ènìyàn lè fi àdúrà lé e. Ta ni yóò ka àdúrà fún sìmẹ́ńtì kó gbọ́?

Mo sáré. Ẹ má béèrè bí eré náà ṣe rí. Bàtà mi kan wà lójú títì di òní.

Nígbà tí mo dé, wọ́n ti ti fèrèsé, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Èéfín tùràrí ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, Ìyá Òkìkí sì ń ké àdúrà nínú.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

"Ta nìyẹn?"

"Julianah ni! Ìyá Bánkẹ́!"

"Mi ò lè ṣí i! Ó ti dé! Ó ń mì ín jìgìjìgì! Tí mo bá ṣí i, ó máa mú un lọ!"

Mo pe Rùkáyà. Kò dáhùn. Mo pe orúkọ tí ìyá wa ń pè é nígbà tó wà lọ́mọdé. Ohun tí mo gbọ́ ni gìgísẹ̀ tó ń lu ilẹ̀, kì, kì, kì.

Mo yí ẹ̀yìn padà, mo fi ìdí mi lu ilẹ̀kùn. Ìdí yìí ni wọ́n ti fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ láti ìgbà wúńdíá. Ẹlòmíràn ní kí n máa san owó ọkọ̀ méjì. Ọlọ́run mọ ìdí tó fi dá a. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo lù ú, ìkọ́ rẹ̀ já, mo sì bá a wọlé gbìì.

Àbúrò mi wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí sókè, funfun nìkan la rí, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá Òkìkí dúró sí igun yàrá, ó gbá tẹ̀sùbáà mọ́yà, omijé bo ojú rẹ̀. Mo di etí ẹní mú, mo ń wọ́ ọ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó fò mọ́ ọn láti òdìkejì.

"Oòrùn ti wọ̀! Opó ni! Ẹ má gbé e jáde!"

"Tó bá kú, ta ló máa ṣe opó náà? Ṣé ẹ̀yin?"

A wo ara wa. Mo rí i pé kò sí ìkà kankan lójú obìnrin náà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sin, kò sì fẹ́ sin ẹlòmíràn. Ó gbé ẹsẹ̀ Rùkáyà, èmi gbé orí, a jáde.

Ìta ńkọ́? Ìńtálọ́ọ̀kì ń jó mi ní àtẹ́lẹsẹ̀ kan tí kò ní bàtà. Afẹ́fẹ́ kò mì. A gbé e síbi kànga, a bọ́ aṣọ dúdú kúrò lára rẹ̀, a da omi lé e láti orí dé ẹsẹ̀, mo ki ọ̀rá omi yìnyín sí abíyá rẹ̀ méjèèjì, Ìyá Òkìkí sì ń fi ìborùn rẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo ń pariwo pe aládùúgbò, Akínladé, tó ní mọ́tò. Bí mọ́tò ṣe ń fi ẹ̀yìn wọlé ni Kàósárà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Áfáà ní kó jáde! Ó ní Ọlọ́run ò fi opó de ẹnikẹ́ni mọ́ ikú!"

Ó rí ìyá rẹ̀ nílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ tì í.

Nílé ìwòsàn, dọ́kítà fọwọ́ kàn án, ó bi wá bóyá inú ilé ló wà àbí inú ààrò. Wọ́n fi omi sí i lára, wọ́n ń fi aṣọ tútù nù ún. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá á yè. Ó ní ká máa gbàdúrà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kì í sọ bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ bá dára. Èmi àti Ìyá Òkìkí jókòó sórí bẹ́ńṣì kan, òun ń fa tẹ̀sùbáà, èmi ń pe Jésù, a kò sì bi ara wa nípa rẹ̀. Nígbà tí Rùkáyà kọ́kọ́ lajú, ó bi Kàósárà pé ọmọ ta ni. Ọmọ náà jáde, ó lọ dojú kọ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ilẹ̀ ti mọ́ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀ gidi.

"Ẹ̀gbọ́n."

"Rùkáyà!"

"Ẹ wọ bùbá yín dáadáa. Ọkùnrin ni dọ́kítà."

Mo wo àyà mi. Òótọ́ ni, ọrùn bùbá ti fàya láti ìgbà tí mo ti já ilẹ̀kùn, gbogbo rẹ̀ wà níta. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún.

Dọ́kítà ní kò gbọdọ̀ padà sí yàrá yẹn kí òjò tó rọ̀. Áfáà ní kó lọ parí opó rẹ̀ níbi tí ara rẹ̀ yóò ti balẹ̀. Mo ní Ifẹ̀wàrà. Mo rò pé Ìyá Òkìkí yóò jà, ṣùgbọ́n òun ló lọ di ẹrù opó wá. Ó di tirẹ̀ mọ́ ọn. "Ìyàwó wa kì í dá ṣe opó," ó ní. Bí mo ṣe di ẹni tó ń bá a pín ẹní nìyẹn, ẹ bá mi dúpẹ́, ó ń han-run bí ẹ̀rọ ìlọta.

Nírọ̀lẹ́ tí a dé Ifẹ̀wàrà, mo gbé àga Rùkáyà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Oòrùn wọ̀. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba àárín kòkó wá, ó tutù, ó ń rùn bí ewé. Mo ń yangàn. Mo ń sọ fún Ìyá Òkìkí pé ṣé ó rí i, ṣé ó rí i báyìí, kò sí òkú kankan, ooru ìlú ni, ọpẹ́lọpẹ́ ìdí mi.

Rùkáyà ń wo ògiri, ó ń wo àga tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tún wo ẹnu ọ̀nà. Ó na ọwọ́, ó fi kan ògiri náà. Ó tutù.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ooru náà ló ń gbé e wá?"

Mo ní, "Ooru ni."

"Kì í ṣe òun?"

"Kì í ṣe òun."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà, ó kó o sínú aṣọ dúdú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀, wọ́n ní kò tíì sunkún. Gbogbo ènìyàn ń yìn ín pé ó lọ́kàn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ lójú mi, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kíkankíkan, ẹkún tí mo ti gbàgbé pé ènìyàn lè sun. Ìyá Òkìkí ló sún mọ́ ọn, ó jókòó sórí àga tó ṣófo náà, ó sì fà á mọ́ra.